Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zagorchev Ṣe Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Pa Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá ibi jókòó sí. Òkú wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mú aṣọ ọ̀fọ̀ wá. Ẹni tó kú náà ṣì ń jẹun dáadáa.

Ní ìlú wa Zlatoreche, létí odò Danube, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá sín, àwọn kan á pàtẹ́wọ́. Porfiri Zagorchev ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni olùdarí ilé ìkàwé yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Olùdarí la gbọ́dọ̀ máa pè é, ká sì tò ó tẹ̀léra bẹ́ẹ̀, nítorí bí o bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣe ni yóò máa wo ojú fèrèsé títí o ó fi tún un pè. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Jámánì láti lọ bá ọmọbìnrin wọn tọ́mọ. Ọmọ tó lọ tọ́ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí, ìyá àgbà kò tíì padà wálé.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń yan olùdarí ilé ìkàwé. Sáà Zagorchev ti ń parí lọ, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà ni yóò sì dìbò lóṣù karùn-ún bóyá kí ó tún jókòó tàbí kí ó dìde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo wàhálà tó ṣẹlẹ̀, orí àga yẹn ló dá lé. Àga ọ̀hún ga, wọ́n fi awọ bò ó, Zagorchev sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í jẹ́ kí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi àkísà kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń nù ún.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún yẹn ni ohun tuntun dé sí ilé ìkàwé wa. Wọ́n kó ìwé ìwádìí jọ sórí ẹ̀rọ ayélujára: ìwé àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ gbogbo, ìwé ìròyìn ayé àtijọ́, ìwé àfọwọ́kọ inú àwọn ilé ìjọ orí òkè tí wọ́n ya fọ́tò wọn lójú ewé lójú ewé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí olú ìlú, Sofia, tẹ́lẹ̀, tó bá dé ibẹ̀ tí wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, ó lè kà á báyìí lórí ibùsùn rẹ̀. Ohun rere ni, n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọbẹ̀ tó dùn lé agbéraga lọ́wọ́, á ní òun lòun fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Wọ́n ta rìbọ́n pupa, wọ́n gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ tá a fi ń kí àlejò wá, àlùfáà sì ri ewé efinrin bọ omi mímọ́, ó ń wọ́n ọn sí kọ̀ǹpútà lára, ó ń wọ́n ọn sí àwọn èèyàn lójú. Zagorchev wá gun orí pèpéle.

"Ẹ̀yin ará Zlatoreche," ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ kí orúkọ ìlú náà lè rìn yí ká gbọ̀ngàn kó tó padà wá bá a. "Kí n tó dé, òkùnkùn ni. Ìwé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ìwé ni? Mo ní kí ìmọ́lẹ̀ kó wà. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ti sùn ní tirẹ̀. Yanitsa Dobreva, obìnrin tó ń bójú tó àkójọ orí ẹ̀rọ náà, sáré tẹ bọ́tìnnì kan, ìmọ́lẹ̀ sì dé.

Lulchev, igbákejì olùdarí, ni ó tún gba ọ̀rọ̀. Bí ìpọ́nni bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọkùnrin yìí ì bá ti gba ọmọ iṣẹ́. "Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé," ó ní, "Ó sì sinmi. Ọ̀gá wa kò tíì sinmi." Àlùfáà wúkọ́. Zagorchev mi orí, ó dà bí ẹni pé ó ń rò ó bóyá àfiwé náà kò bu òun kù.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìkànnì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó rí ìwé kankan kà. Kò ṣeé fò. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko tó ń wá ohun tó ń pa àgùntàn bàbá rẹ̀, á kọ́kọ́ gbọ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe gba ipò kìíní nínú ewì kíké nígbà tó wà ní kíláàsì kejì. Kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn, àgùntàn ti kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé ẹ̀hónú. Lulchev kà á fún ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdúpẹ́.

Èyí kò tó o. Ojú ewé kan wà lórí ìkànnì náà tí wọ́n ń pè ní Àwọn Baba Ìmọ̀. Gbogbo onímọ̀ ńlá tí yunifásítì wa ti ní ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù nínú férémù wúrà, àwòrán gbàǹgbà, ìtàn ìgbésí ayé lábẹ́ rẹ̀. Àwa tá a ṣì ń mí, orúkọ wa lásán ni wọ́n tò sí ojú ewé mìíràn, ní lẹ́tà kéékèèké. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Zagorchev ní tòun yóò yàtọ̀.

"Yanitsa," ó ní, "kí ló dé tí mi ò rí ara mi níbí?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Olùdarí, ẹ wà lójú ewé kejì, lábẹ́ lẹ́tà Z."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin àti ọ̀gbẹ́ni Zidarov tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́ọ̀lù."

Zagorchev dijú fúngbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fa ehín rẹ̀ yọ. "Gbé mi sínú férémù."

"Ọ̀gá, àwọn tó ti kú nìkan ló ń wọ férémù."

"Ṣé kí n wá kú kí ẹ tó mọ iyì mi ni?"

"Rárá o. Ẹ̀rọ yẹn ni kò ní gbà. Bí kò bá ti rí ọjọ́ ikú, kì í fi èèyàn síbẹ̀."

"Ta ló ń darí ẹ̀rọ ọ̀hún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Fún un ní ọjọ́ ikú kan, kó panu mọ́."

"Ikú ta ni, Ọ̀gá?"

"Ikú tèmi. Kọ ọjọ́ òní sí i."

Yanitsa wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì yìí kì í dá gbé o. Ohun tá a bá kọ síbí, ìkànnì àwọn ilé ìkàwé yòókù ń bù ú mu. Bó bá ti jáde, kò ṣeé kó mọ́."

"Kí wọ́n bù mí mu," Zagorchev dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí òùngbẹ mi ti ń gbẹ wọ́n."

Obìnrin náà ní ọmọ méjì àti ìyá arúgbó nílé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá bá ọ̀gá jiyàn, àjà ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn eku ni wọ́n ń gbé tábìlì rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Zagorchev fò wọ inú férémù wúrà, ó wo ara rẹ̀ títí, inú rẹ̀ dùn, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí abúlé láti lọ lo ìsinmi oṣù karùn-ún kó sì fín oògùn sí ọgbà àjàrà rẹ̀. Fóònù kì í wọlé dáadáa ní abúlé yẹn, ìyẹn ló sì fi fẹ́ràn ibẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ìkànnì ilé ìkàwé kan ní Plovdiv ti bu ikú náà mu. Ti Varna gbà á lọ́wọ́ wọn. Rédíò gbà á lọ́wọ́ Varna. Akọ̀wé yunifásítì gbọ́ ọ lórí rédíò bó ṣe ń se kọfí, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wa fúnra rẹ̀, ó rí férémù, ó rí ọjọ́, ló bá tẹ ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láago.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí èèyàn bá kú, ìwé ìkéde rẹ̀ là ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ àti ti ibi iṣẹ́ rẹ̀, mọ́ igi, mọ́ òpó iná, mọ́ ibùdókọ̀. Ohun tí ìwé yẹn bá sì ti sọ, ó parí. Èèyàn lè bá àlùfáà jiyàn, ó lè bá rédíò jiyàn, kódà mo mọ ẹni tó bá adájọ́ jiyàn tó sì borí. N kò tíì rí ẹni tó bá ilẹ̀kùn jiyàn.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó béèrè òkú. Wọ́n ní abúlé ni wọ́n sin ín sí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Ojú kálukú ń tì í pé òun ò lọ síbi ìsìnkú, olúkúlùkù bá ń sọ fún ẹnìkejì pé òun lọ. Yanitsa nìkan ló sáré wọ ọ́fíìsì Lulchev.

"Ọ̀gá Lulchev, Ọ̀jọ̀gbọ́n ò kú o. Ẹ̀rọ ló pa á. Òun ló ní kí n kọ ọ́."

"Yanitsa," Lulchev dá a lóhùn tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, "èmi wà lára àwọn tó gbé pósí. Èjìká mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí. Ṣé irọ́ ni èjìká mi ń pa ni?"

Yanitsa lọ jókòó, ó ń wo ìka tó fi tẹ ọjọ́ ikú náà, ẹ̀rù sì ń bà á pé bóyá òun lòun pa bàbá yìí lóòótọ́.

Kí ni òkú wá ń ṣe ní tirẹ̀? Búrẹ́dì ló lọ rà. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù abúlé, ó bá fọ́tò ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, nínú ìlà dúdú. Ó kà á. Inú bí i gidigidi, nítorí wọ́n kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n kọ Olùdarí, wọ́n gbàgbé Dókítà.

"Stoyna," ó ké sí ìyá oníṣọ́ọ̀bù, "kí lèyí?"

Màmá Stoyna gbójú sókè. "Ìwọ ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló mú un wá láti ìlú. Mo ti tan àbẹ́là kan fún ẹ."

"Ṣé o ò rí mi níwájú ẹ ni?"

"Mo rí ẹ kẹ̀. Ṣùgbọ́n o tún wà lára ilẹ̀kùn." Ìyá náà rò ó díẹ̀. "Ṣé wàá ṣì gba búrẹ́dì?"

Zagorchev fẹ́ bú u, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá: ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà yóò ṣe ìpàdé ìrántí olóògbé ní gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìbínú rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rín sì jáde.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín. Láti ọjọ́ tó ti dé orí àga ni wọ́n ti ń yìn ín lójú, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó máa ń ṣe é bíi pé wọ́n ń purọ́. Ìyìn tí wọ́n bá wá yin òkú ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òkú? Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Ó pinnu pé òun á fara pamọ́ sínú gbọ̀ngàn, òun á fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹkún bá wá dójú ẹ̀ òun á jáde. Ta ló máa yin èèyàn bẹ́ẹ̀ tán tí yóò tún dìbò lòdì sí i lóṣù kan náà? Àga ti padà sọ́wọ́ òun, ó kù kó lọ nù ún.

"Stoyna, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o rí mi o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Wọ́n á ní mo ti ń ṣarán."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n pín àlìkámà sísè sínú ife fún olúkúlùkù bí a ṣe máa ń pín in fún ẹ̀mí òkú. Zagorchev ti gba ẹ̀yìn wọlé ṣáájú, ó dúró sẹ́yìn kọ́tìnì pupa, fóònù lọ́wọ́, etí sílẹ̀.

Gíwá yunifásítì, Màdáámù Mineva, dìde. "Ohun méjì ló kó wa jọ lónìí," ó ní. "A ó kọ́kọ́ rántí olóògbé. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa wa. Àwa ará ibí ní òfin kan tó lágbára ju ti ìjọba lọ: bó o bá máa sọ̀rọ̀ òkú, rere ni kó o sọ, bí kò bá sí rere, kó o dákẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kanev, àgbà nínú ìmọ̀ ìtàn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó la ẹnu. Ó wo òkè àjà, ó wo àwòrán, ó tún wo òkè àjà. Ó pa ẹnu dé, ó sì jókòó.

Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ èdè dìde tẹ̀lé e. "Olóògbé," ó ní, "jẹ́ ẹni tí... ẹni tó máa ń..." Gbogbo èèyàn na ọrùn, àánú ń ṣe wọ́n, wọ́n fẹ́ kó rí i. "Ó máa ń wọ bàtà tó mọ́," ó parí ọ̀rọ̀, ó sì jókòó, òógùn bò ó.

Ojú wá yí sí Lulchev. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ẹnu tó ti fi ọkùnrin yìí wé Ọlọ́run. Lulchev dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì ṣàkíyèsí lójijì pé ẹni tó lè ṣe ohunkóhun fún òun kò sí nínú àwòrán yẹn mọ́. "Ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan."

Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi tọkàntọkàn ṣe lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú náà kọjá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òmíràn kọjá. Ìró ṣíbí nínú ife àlìkámà nìkan là ń gbọ́.

Zagorchev kò lè mú un mọ́ra mọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Àkójọ ìwé orí ẹ̀rọ ńkọ́?"

Kanev rò pé ẹni tó wà níwájú òun ló béèrè. "Yanitsa ló ṣe ìyẹn," ó dáhùn.

"Ó dáa," Gíwá wí. "Ohun kejì ni yíyan olùdarí tuntun. Oṣù yìí ló kúkú yẹ ká dìbò, ẹ jẹ́ ká dì í ká túká."

Lulchev ti dìde ìdajì, ó ti rọra rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dárúkọ Dókítà Tasheva láti ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko, tó wà lórí òkè lọ́jọ́ náà tó ń já ewé. Àwọn kan ní kò sí níbí kẹ̀. Kanev ní ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ nìyẹn, pé ẹni tí kò sí níbí kò lè sọ̀rọ̀ gígùn. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Lulchev náà gbé tirẹ̀ sókè, nígbà tó rí i pé àwọn tó kù ti gbé e.

Kọ́tìnì fà ya.

"Mo wà láàyè," Zagorchev wí.

Obìnrin kan tó gbé òdòdó mẹ́jọ dání, nítorí méjì-méjì là ń ka ti òkú, yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè di ti alààyè. Àwọn yòókù kò wo Zagorchev rárá. Lulchev ni wọ́n ń wò.

"Pósí tó o gbé ńkọ́?" Kanev bi í.

"Ó wúwo," Lulchev fèsì. "Ó ní láti jẹ́ ti ẹlòmíràn."

Zagorchev ti dé iwájú Gíwá. "Ẹ fagi lé ìbò yẹn. Àga mi ni. Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ mi."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, a kì í dárúkọ òkú fún ipò. Lórí ìkànnì ilé ìkàwé yín, ẹ ti kú. Ta ló fọwọ́ sí ikú náà?"

Yanitsa dìde lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ti wá fúyẹ́ pátápátá, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ni, Màdáámù. Mo bẹ̀ wọ́n."

"Ìbò ti wọlé," Gíwá wí, ó sì kó gíláàsì ojú rẹ̀ sápò.

Ojú Zagorchev rẹ̀wẹ̀sì, àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti orí pèpéle mọ́, ohùn èèyàn lásán ni. "Gbogbo ọdún tí mo lò láàárín yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀ tó báyìí. Ṣé kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa mi ni?"

"A ní," Kanev dáhùn. "Ó kún inú wa. Òkú lo jẹ́ látàárọ̀, ìyẹn ló dí wa lẹ́nu."

Bàbá náà dìde, ó fa ìjókòó kan wá sí ìsàlẹ̀ pèpéle, ó sì fọwọ́ gbá eruku orí rẹ̀ nù. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin ìmọ̀ èdè ti ń dìde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ti ń wọlé, wọ́n ń tò sẹ́yìn ara wọn títí tí ẹnu ilẹ̀kùn fi dí.

"Ṣùgbọ́n o wà láàyè báyìí, a dúpẹ́," ó ní. "Jókòó, Porfiri. A ò ní pẹ́."

Irọ́ ló ń pa.